Báàgì Tí Mo Yá Ìyá Nasir

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe ìmọ́tótó ní ọsibítù, bí ẹ bá sì fẹ́ rí ìjà mi, ẹ ju abẹ́rẹ́ sínú garawa ìdọ̀tí lásán. Ẹ báà jẹ́ dókítà, ẹ báà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu Àsúmáù. Inú ike yẹ́lò ni abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé abẹ́rẹ́ tí ó bá ti wọ ara ẹnìkan kò gbọdọ̀ wọ ara ẹlòmíràn, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò tilẹ̀ rí tó láti gbé kòkòrò éèdì láti ara ẹnìkan dé ara ẹnì kejì. Mo há a sórí. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tí wọ́n dé lẹ́yìn mi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá àwáwí pé n kò mọ̀.

Àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣe àsálátù ní Peckham ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kiri, olúkúlùkù ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ó yá, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo ṣe é.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Sherifdeen, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Aylesbury Estate ni mo ti tọ́ ọ, kí káńsù tó kó wa kúrò láti wó ilé náà lulẹ̀, tí wọ́n sì fún wa ní fúláàtì oníyàrá méjì lẹ́yìn Rye Lane. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Mo ṣọ̀fọ̀ tèmi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò bèèrè lọ́wọ́ ọmọ bí òun ṣe ń ṣọ̀fọ̀ tirẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, ó ti ń fa heroin, kò sì pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gún un sí iṣan.

Ẹ má rò pé ọmọ náà kò gbìyànjú. Fúnra rẹ̀ ni ó lọ bá àwọn tí ń tọ́jú irú wọn, wọ́n sì fún un ní òṣìṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Zoe, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó fi òrùka sí imú. Láràárọ̀ ni Sherif máa ń lọ sí ilé kẹ́míìsì, wọn a wọn methadone fún un nínú ife kékeré, a mu ún níṣojú wọn kí heroin má baà máa wù ú. Bí ó bá sì ṣìṣe, tí ó tún padà sídìí rẹ̀, wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ tuntun tí wọn kò tíì tú kúrò nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ike yẹ́lò kékeré tí yóò máa ju èyí tí ó bá lò sí.

Ọjọ́ kan mo ń gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, mo rí wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìbínú tí ó bí mi lọ́jọ́ náà, n kò lè fẹnu sọ ọ́. Mo pe Zoe lórí fóònù, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú. Mo ní irú ìjọba wo ni yóò máa fún ọmọ ọlọ́mọ ní abẹ́rẹ́ láti fi pa ara rẹ̀? Ó fi sùúrù dá mi lóhùn pé òun fẹ́ kí Sherif wà láàyè, kí ó má sì kó HIV, títí di ọjọ́ tí yóò fi lè jáwọ́ pátápátá. Ó ní wọn kì í fi ipá mú ènìyàn. Mo ní ipá gan-an ni ó kù. Mo kó abẹ́rẹ́ tuntun wọ̀nyẹn, odindi páálí, mo dà wọ́n nù. Èmi tí mo ń bá dókítà jà nítorí abẹ́rẹ́.

Ẹ mọ ọgbọ́n tí àwa ará ibí máa ń dá. Bí ọmọ bá ti fẹ́ ya pòkíì mọ́ wa lọ́wọ́ ní Peckham, ilé ni a ń gbé e lọ. A ó parọ́ fún un pé ìyá àgbà ń ṣàìsàn. Irọ́ tí mo pa fún Sherif náà nìyẹn. Ó sunkún nínú bàálù nítorí ìyá mi. Ìyá mi wà ní Abẹ́òkúta, ara rẹ̀ le koko, ó ń bá àwọn ayálégbé rẹ̀ fa wàhálà.

Ilé kan wà lẹ́yìn ìlú náà, ó ní ọgbà gíga, Àfáà kan ni ó ni ín. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti gba oníjàgídíjàgan síbẹ̀, olùjọ́sìn ni yóò fi jáde. Bí mọ́tò wa ṣe dúró, ọkùnrin mẹ́rin fa ọmọ mi jáde. Ó pariwo, "Mummy! Mummy, what is this?" Mo kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà nínú àpamọ́wọ́ mi, mo gbé e padà wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù mẹ́wàá ni ó lò níbẹ̀.

Nígbà tí mo fi ìwé náà ránṣẹ́ tí ó padà dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, ó ti rù, kò gbójú sókè mọ́, ṣùgbọ́n ó ń kírun márààrún. Kí ni mo tún ń wá? Ní ọjọ́ Àìkú, mo dìde ní àsálátù, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Allah. Mo ní Zoe kò rí i ṣe, methadone kò rí i ṣe, tipátipá ni Ọlọ́run fi dá ọmọ mi padà. Àwọn obìnrin ń kígbe Allāhu Akbar. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, ilẹ̀ tí mo nù ni àwọn ènìyàn máa ń wò, kò sí ẹni tí ń wo ojú mi.

Lẹ́yìn àdúrà ni Àmínát wá bá mi. Ìyá Nasir ni à ń pè é, ó ń gbé ní Nunhead. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, àárín wa sì dán mọ́rán. Nasir ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ń gún heroin bíi ti Sherif, ilé kẹ́míìsì kan náà ni wọ́n sì jọ ń lọ tẹ́lẹ̀. Àmínát ní, "Ìyá Sherif, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi ní address yẹn." Mo ya bébà, mo kọ ọ́ fún un pẹ̀lú nọ́mbà Àfáà. Títí di ibí yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ràn mi lè bá mi wá àforíjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹta ni Sherif wọlé bá mi ní kíṣìnnì. Mo ń din ẹja. Mo rò pé mọ́sálásí ni ó ń lọ láràárọ̀, àṣé ọ̀dọ̀ Zoe ni ó ti padà sí.

"Mummy, ẹ pa gáàsì yẹn first."

"Kí ló dé?"

"I've got HIV. Zoe ló ṣe test fún mi. Wọ́n tún un ṣe, same thing."

Mo ní níbo ni ó ti kó o.

"Ibi tẹ́ ẹ gbé mi lọ ni, Mummy. Kí n tó lọ, I was negative, Zoe ní paper ẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ wa níbẹ̀, àwọn náà ló ń tà á fún wa. Abẹ́rẹ́ kan ló wà. One. Àwa mọ́kànlá la jọ ń lò ó. Wọ́n á fi pure water ṣàn án, the next man á gbà á."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ó bá bínú ni, bóyá ara ìbá tù mí. Páálí abẹ́rẹ́ tí mo dà nù ni ó wá sí mi lọ́kàn, bí wọ́n ṣe wà nínú ọ̀rá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó. Ẹja jóná, n kò dìde. Sherif ni ó pa iná náà, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó ń tu èmi nínú. Ó ní oògùn ti wà, hóró kan lójúmọ́, pé bí òun bá ń lò ó déédéé òun yóò dàgbà, òun kò sì ní kó o ran ẹnikẹ́ni.

"But Nasir, Mummy. Aunty Àmínát fẹ́ gbé e lọ Friday. Ẹ sọ fún wọn. Ẹ lè sọ pé mo ní in, I don't mind, wallahi. Just tell them."

Mo ní mo gbọ́. Mo ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo sì lọ lóòótọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì 78 lọ sí Nunhead, mo ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Rye Lane títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Àmínát ṣílẹ̀kùn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Èkó. Ó fò mọ́ mi. "Ẹni tí mò ń sọ fún yín náà ló dé yìí! Ìyá tó gba ọmọ ẹ̀ là!" Ẹ̀gbọ́n náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi lórí fóònù pé ojú mi kò ní rí ibi. Mo ń ṣe àmín. Wọ́n fún mi ní Supermalt, mo mu ún. Nasir sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí àwọn ọmọ ibí ṣe máa ń ṣe é, ó ní, "Ẹ káàsán, Aunty. Ẹ wò ó, I got these for Grandma." Bàtà múlọ́múlọ́ onírun ni, aláwọ̀ osùn, tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé. Ó ní ó dájú pé ẹsẹ̀ máa ń tutù fún aláìsàn. Mo ní ó dára púpọ̀. Mo sọ̀rọ̀ nípa òjò, mo sì gbéra lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe àṣírí Sherif ni mò ń bò, òun ti yọ̀ǹda rẹ̀. Tèmi ni. Mo rò ó pé bí mo bá la ẹnu, n kò ní jẹ́ ìyá tí ó gba ọmọ là mọ́, èmi ni yóò di ìyá tí ó fi owó ara rẹ̀ ra éèdì fún ọmọ. Mo rò ó pé wọn kò ní jẹ oúnjẹ mi mọ́ ní àsálátù. Mo gbé oúnjẹ mi sí ọ̀tún, mo gbé Nasir sí òsì, mo wò wọ́n, oúnjẹ mi ni mo mú. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Àmínát pè mí pé táyà báàgì òun ti yọ, ṣé mo ní èyí tí ó tóbi. Mo gbé báàgì búlúù mi sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo nu eruku ara rẹ̀, mo fà á dé Nunhead fúnra mi. Báàgì kan náà ni mo fi kó aṣọ Sherif lọ. A kó ẹrù Nasir sínú rẹ̀, bàtà onírun ni a fi sí òkè kí ó má baà tẹ̀. Síìpù kò wọlé. Mo jókòó lé e, Àmínát fà á, ó wọlé. A fi ìwọ̀n kékeré gbé e, ó jẹ́ kílò mẹ́tàlélógún gééré, a pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n ṣàdúrà fún ìrìn-àjò wọn. Mo ṣe é.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sherif gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi.

"Message mi ò dé orí fóònù Nasir. Mummy, ẹ sọ fún Aunty, àbí?"

"Mo sọ fún un."

"And she still took him?"

"Ó ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lòun fi í sí."

Ẹ rí i bí? N kò fi irọ́ náà mọ sọ́dọ̀ ara mi, mo tún rọ́ ọ lé ọ̀rẹ́ mi lórí. Sherif jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀, ó ní òun ni òun jẹ̀bi, òun ni ó yẹ kí òun ti sọ fún Nasir fúnra òun. Mo wà lórí àga, mo ń wo ọmọ mi bí ó ṣe ń jẹ ẹ̀bi mi.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo tún fi gbé e mì. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, Àmínát padà dé láìsí Nasir, Sherif sì wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé òun ń lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ mú un jáde. Ibẹ̀ ni irọ́ ti tán lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Má lọ. N kò sọ fún un." Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ lọ now. Or I will."

Mo lọ. Mo sọ fún Àmínát gbogbo ohun tí Sherif sọ: àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ta heroin, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ènìyàn mọ́kànlá, kòkòrò tí ó wà lára ọmọ mi. Ó di orí mú. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ gbọ́?" Mo ní, "Òní. Òní ni Sherif sọ fún mi." Ó jáde lẹ́nu mi bí ìgbà tí ènìyàn ń kí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èmi àti rẹ̀ wọ bàálù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́rú, a ti wà lẹ́nu géètì Àfáà náà. Ẹ̀ṣọ́ tí ó ṣílẹ̀kùn fún wa, bàtà onírun aláwọ̀ osùn ni ó wọ̀ sẹ́sẹ̀. Ẹ ò rí ìjà mi rí bí ẹ kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo di Àfáà lọ́rùn aṣọ mú, mo pariwo títí àwọn ará àdúgbò fi dé, wọ́n sì tú ọmọ náà sílẹ̀ fún wa. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bó níbi tí ṣẹ́ẹ̀nì wà. Mo ń ké, mo ń bú wọn, mo ń pè wọ́n ní apànìyàn, inú mi sì ń sọ fún mi pé kí n rọra.

Nínú mọ́tò, ìyá rẹ̀ bi í nípa abẹ́rẹ́. Ó gbé orí sílẹ̀. "Twice, Mummy. They stopped my methadone just like that, gbogbo ara ń ro mí, mò ń bì, I thought I was dying. Monday, then Thursday." Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀ lé ìrìn-àjò wọn ni. Mo ka ọjọ́ náà nínú ọkàn mi. Oògùn kan wà tí ó lè dí kòkòrò náà lọ́nà, mo mọ̀ ọ́n láti ọsibítù, ṣùgbọ́n lílò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà. Ó ti kọjá.

Zoe gbà á padà tọwọ́tẹsẹ̀ ní Peckham, ó dá a padà sórí methadone, ó sì ní a ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí àyẹ̀wò tó lè dáni lójú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni ojú mi rí nǹkan. Àmínát ni ó ń pè mí láràárọ̀ láti kí mi. Ní àsálátù, òun ni ó dìde lọ́tẹ̀ yìí, tí ó gba ẹ̀rọ, tí ó ní, "Ìyá Sherif ò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sáré wá." Wọ́n tún kígbe Allāhu Akbar. Ìgbà kejì nìyẹn tí wọ́n máa yìn mí lórí ibi kan náà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, gbogbo wa ni a lọ. Àmínát àti Nasir wọlé lọ bá Zoe, èmi àti Sherif dúró ní kọ́ríídọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Ojú Àmínát ti sọ ọ́ kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́. Ó wà lára Nasir. Sherif wọlé, ó jókòó ti ọmọ náà, ó yọ ìgò oògùn tirẹ̀ jáde lápò, ó ní, "Bruv, look. One a day. Ìwọ àti èmi." Zoe pa ilẹ̀kùn dé fún wọn.

Àmínát di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ìyá Sherif, bí kì í bá ṣe tiyín ni, ibẹ̀ ni ì bá kú sí. Allah á san yín lẹ́san. Ẹ sọ fún mi lójú ẹsẹ̀."

Mo lè dákẹ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀, Sherif kò mọ ohun tí mo sọ fún Àmínát lọ́jọ́ náà. N kò mọ ohun tí ó ṣí mi lẹ́nu. Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ ni, ó gbóná.

"Ìyá Nasir, Tuesday ni mo gbọ́."

"Tuesday wo?"

"Tuesday tó ṣáájú ìrìn-àjò yín."

Kò tètè yé e. Mo rí i tí ó ń kà á. "Wednesday, ẹ wá sílé mi, ẹ mu Supermalt. Thursday… Thursday, ẹ jókòó lé báàgì yẹn kí n lè fa síìpù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò bú mi. "Ẹ" náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó kan ilẹ̀kùn Zoe, ó wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo dìde ní àsálátù, mo gba ẹ̀rọ, mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ní kí ẹni tí address yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ fà á ya. Àwọn mìíràn sunkún, àwọn mìíràn kó bàtà wọn jáde. Àmínát kò wá.

Nígbà tí mo délé, báàgì búlúù mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Àmínát ti nù ún mọ́. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní èbúté bàálù ṣì wà létí rẹ̀, orúkọ Nasir ni ó wà lára rẹ̀. Mo gbé e wọlé, kò wúwo rárá. Sherif bi mí bóyá kí òun gbé e padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà ilé wa há. Láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni mò ń yí kí n tó lè kọjá lára rẹ̀.